Ẹni Tó Wà Lẹ́yìn Lémọ́mù

Ọ̀gá wa kò fẹ́ràn kí ènìyàn tètè gbà. Ẹni tó bá rí i lójú ọ̀nà, tó ń kúnlẹ̀ kí àgbà, tó ń rọra sọ̀rọ̀ bí ìyàwó tuntun, kò lè mọ̀. Ṣùgbọ́n nínú yàrá tí a ti ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì, bí èmi àti ẹnì kejì mi bá fohùn ṣọ̀kan wéré lórí gbólóhùn kan, yóò fajú ro. Á ní, "Ó dáa, ẹ ti gbà. Ta ló wá ronú nínú yín?"

Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀, mo padà sí ilé wa ní Gàmbàrí, ní Ìlọrin, mò ń wá iṣẹ́ kiri, iṣẹ́ náà ń sá fún mi. Obìnrin yìí, tó ti kọ́ mi ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní yunifásítì, ló ránṣẹ́ pè mí. Ó fẹ́ ṣe ìwé kan fún àwọn ọmọ ilé-ìwé girama, ìwé tí yóò mú ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì lọ́kọ̀ọ̀kan, tí yóò fi iye ìtumọ̀ tó ní hàn, tí yóò sì fi hàn irú èrò tó máa ń gbé. Èrò ni òun ń pè é. "Mọ́tò ni ọ̀rọ̀-ìṣe," ló sọ fún mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́. "Kì í lọ lófìfo. Kí o sọ fún mi ẹni tó ń wa mọ́tò, ẹni tí wọ́n ń gbé, ibi tí wọ́n ń lọ, àti ẹrù tó wà lẹ́yìn." Mo rò pé ó ń bá mi ṣe àwàdà ni.

Kì í ṣe àwàdà. A máa ń gé gbólóhùn láti inú ìwé ìròyìn, láti inú àròkọ àwọn ọmọ ilé-ìwé, àní láti ara ìkìlọ̀ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ilé ìfìwéránṣẹ́, a ó sì lẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ káàdì. Ọ̀gá wa kò fẹ́ Gẹ̀ẹ́sì tí a yá láti ìlú òyìnbó. Ó ní Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn ènìyàn ibí yìí ń kọ lóun fẹ́, pẹ̀lú ìdọ̀tí ẹsẹ̀ rẹ̀. Lórí káàdì kọ̀ọ̀kan, ohun méjì la ó ṣe. A ó kọ́kọ́ kọ nọ́ńbà ìtumọ̀ tí ọ̀rọ̀-ìṣe náà ní níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá ṣe to ìtumọ̀ sára ògiri. Lẹ́yìn náà, a ó fa bíròò sábẹ́ àwọn èrò inú gbólóhùn: pupa fún olùṣe, búlúù fún ẹni tí nǹkan ṣẹlẹ̀ sí, àwọ̀ ewé fún ibi tàbí àsìkò, dúdú fún ohun tí wọ́n fi ṣe é. Ìyẹn nìkan. Mo rò pé ọ̀sẹ̀ kan péré ni n ó fi mọ̀ ọ́n.

Káàdì tó kọ́kọ́ rẹ ìgbéraga mi sílẹ̀ ni èyí tí ọmọ ilé-ìwé kan kọ pé "The beans cooked slowly", pé ẹ̀wà náà ń rọra jinná. Mo fa pupa sábẹ́ ẹ̀wà láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì, nítorí òun ló wà níwájú. Ọ̀gá gbé káàdì náà sókè. "Ẹ̀wà ló dáná?" Mo ní rárá. "Ẹ̀wà ló pọnmi?" Mo ní rárá. "Kí ló dé tí o fi í joyè?" Ó wá sọ ọ́ fún mi pé nínú gbólóhùn, ẹni tó jókòó síwájú kọ́ ló ń ṣiṣẹ́ nígbà gbogbo, pé a gbọ́dọ̀ máa bèèrè ẹni tó dáná. Inú mi dùn débi pé mo ń ṣe bẹ́ẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, mo ń ka gbogbo pátákó ìpolówó láti ọgbà yunifásítì dé ibùdókọ̀ Post Office, mo ń bèèrè ẹni tó dáná lábẹ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Títí di òní, n kò tíì rí ẹni tó lè mú nǹkan tó rọrùn kí ó sọ ọ́ di ohun ìyanu bíi ti obìnrin náà.

Òfin rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé ẹni méjì gbọ́dọ̀ sàmì sí káàdì kan náà láìrí ti ara wọn. Bí àwọn méjèèjì bá rí i bákan náà, ó dáa. Bí wọ́n bá rí i lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí káàdì náà yóò di ti ìjókòó Àlàmísì. Ní Àlàmísì, a ó jókòó yí tábìlì ká, kálukú yóò gbèjà ohun tó kọ, ọ̀gá yóò máa kọ àríyànjiyàn náà sílẹ̀, òun ni yóò sì dájọ́ níkẹyìn. Ó ní àríyànjiyàn yẹn gan-an ni iṣẹ́ náà, pé ibi tí ẹni méjì tó gbọ́n bá ti ń jà ni ìtumọ̀ ti ń jáde síta. Ìdí nìyẹn tí àlàáfíà fi máa ń bí i nínú.

Ẹnì kejì mi jẹ́ hẹdimásítà tó ti fẹ̀yìn tì. Bàbá ni gbogbo wa ń pè é. Ọmọ abúlé kan lápá Málété ni, ọmọ àgbẹ̀, ṣùgbọ́n láti ìgbà èwe rẹ̀ ni wọ́n ti mú un wá sí Ìlọrin kó wá kéwú, ilé wa ní Gàmbàrí ló sì gbé, lọ́dọ̀ bàbá mi tó jẹ́ ààfáà. N kò tíì dé ayé nígbà náà. Èmi ni àbígbẹ̀yìn ìyá mi, ọjọ́ sì ti lọ kí n tó dé. Ọdún tí Bàbá fẹ̀yìn tì ni ìyàwó rẹ̀ kú. Àwọn ọmọ rẹ̀ wà lókè òkun àti l'Ábújá. Àwọn ará àdúgbò sọ fún mi pé ó kàn máa ń gbé àga síta láàárọ̀, kí ó jókòó síbẹ̀ títí oòrùn yóò fi lé e wọlé. Kì í ka ìwé mọ́. Nígbà tí ọ̀gá wa ń wá olùkọ́ àgbà tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, ẹnìkan dárúkọ rẹ̀.

Iṣẹ́ yẹn jí i. Ó ń lọ aṣọ, ó ń fi òróró sí ṣéènì kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó ń to bíròò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sápò àyà bí ọmọ tó fẹ́ lọ ṣe ìdánwò. Yóò gun kẹ̀kẹ́ dé Post Office, yóò fi í síwájú ṣọ́ọ̀bù ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, a ó sì jọ wọ bọ́ọ̀sì. Àwọn aládùúgbò ní ó ti ń dá sọ̀rọ̀. Òótọ́ ni. Ó ń ka gbólóhùn ni.

Ṣùgbọ́n wàhálà kan wà. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tó rí mi nínú yàrá náà, ọkùnrin tó lè bí mi yìí tẹrí ba fún mi. "Ọmọ ààfáà mi!" ló wí. Mo yára kúnlẹ̀ kí ó má baà kọjá ibi tó dé. Ní ìlú wa, ẹni tó bá kọ́ni ní lẹ́tà Lárúbáwá láti álífù dé yáà, ẹni ọ̀wọ̀ ni títí ayé, ọmọ rẹ̀ náà sì ń pín nínú ọ̀wọ̀ yẹn, ì báà jẹ́ ọmọ ọwọ́. Mo ti rí ọlọ́lá tó bọ́ bàtà rẹ̀ kó tó kí ọmọ ààfáà rẹ̀ tí ikun ṣì ń ṣàn nímú rẹ̀. Kò sí ẹni tó rí i bí ohun ẹ̀rín. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé ọ̀wọ̀ yẹn yóò bá wa wọ inú ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì.

Bí Bàbá bá dá wà pẹ̀lú káàdì ní yàrá tirẹ̀, ẹ̀rù ọgbọ́n rẹ̀ ń bà mí. Ṣùgbọ́n bó bá di Àlàmísì, tí ọ̀gá bá ka àmì mi àti àmì rẹ̀ síta, tí wọ́n sì yàtọ̀, Bàbá yóò mi orí. Yóò ní, "Ohun tí ọmọ ààfáà mi kọ náà ló rí bẹ́ẹ̀." Ó tán. Kò sí ìjà. Ọ̀gá á gbé bíròò rẹ̀ sókè, kò ní rí nǹkan kan kọ.

A dé orí ọ̀rọ̀-ìṣe "follow", ìyẹn ni pé kí ènìyàn tẹ̀lé nǹkan. Ọ̀rọ̀ kékeré tí ìtumọ̀ rẹ̀ pọ̀. Ọ̀gá to márùn-ún sára ògiri: kí ènìyàn rìn lẹ́yìn ẹlòmíràn, kí nǹkan dé lẹ́yìn nǹkan bí òjò ṣe ń dé lẹ́yìn ìjì, kí ènìyàn gbọ́ràn sí àṣẹ, kí ó máa fojú sí ọ̀rọ̀ kan títí yóò fi yanjú, kí ó gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ yé. Bàbá wo ògiri náà títí. Ó ní ó ku ọ̀kan. Ó ní bí ìyá bá sọ fún ọmọ rẹ̀ níbí pé "Follow me to the market", ọmọ náà kò ní rìn lẹ́yìn. Ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀ ni yóò wà, agbọ̀n yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀, wọn yóò sì máa tàkúrọ̀sọ dé ọjà. Ó ní ẹni tí wọ́n ń bá lọ kì í ṣe aṣáájú, ẹnìkejì ni. Ọ̀gá bá a jiyàn gidi, ó ní àṣìṣe ni àwọn olùkọ́ ń pe irú ìyẹn. Bàbá kò yẹsẹ̀. Ó mú káàdì lẹ́yìn káàdì jáde, ó ń gbé wọn kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ohùn rẹ̀ ń le, títí ọ̀gá fi bú sẹ́rìn-ín, ó dìde, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ nọ́ńbà kẹfà sára ògiri. Mo fẹ́ pàtẹ́wọ́. Àwọn méjèèjì wù mí lọ́jọ́ náà ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

Ọjọ́ yẹn ni ọ̀gá mọ̀ pé Bàbá mọ ìjà jà, èmi nìkan ni kò lè bá jà.

Ní Àlàmísì tó tẹ̀lé e, ó dán an wò. Ó mú káàdì kan tí wọ́n gé láti inú ìwé ìròyìn, pé ọlọ́pàá yóò "follow the matter" dé òpin. Bàbá ti kọ nọ́ńbà kẹrin sára tirẹ̀, kí ènìyàn fojú sí ọ̀rọ̀ títí yóò fi yanjú, òun ló sì jàre, gbogbo wa la mọ̀. Ọ̀gá wò mí, ó ní, "Ìwọ, sọ pé nọ́ńbà kìn-ín-ní ni." Mo mú ojú le, mo ní ẹsẹ̀ ni ọlọ́pàá fi tẹ̀lé ọ̀rọ̀ náà, wọ́n rìn lẹ́yìn rẹ̀ ni. Bàbá sì mi orí. "Bẹ́ẹ̀ ni. Ọlọ́pàá ń rìn púpọ̀." Ọ̀gá ní kí n yí i padà. Mo ní ó dà bí ẹni pé nọ́ńbà kẹta ni, wọ́n gbọ́ràn sí ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu. Bàbá ní, "Ìyẹn náà dáa. Ọlọ́pàá gbọ́dọ̀ gbọ́ràn." Ẹ̀rín pa mí, mo fi ìborùn bo ẹnu. Ọ̀gá kò rẹ́rìn-ín rárá.

"Bàbá," ló wí, "kí lẹ kọ sára káàdì yín?"

"Nọ́ńbà kẹrin ni, Dókítà."

"Níbo ló wá wà báyìí?"

Bàbá wo tábìlì. Ọ̀gá rọra sọ̀rọ̀, ó sì dùn mí jù kó pariwo lọ. Ó ní olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ òun kan ń bọ̀ láti yunifásítì mìíràn lẹ́yìn ìtúnu ààwẹ̀, kó wá wo àríyànjiyàn wa, kó sì sọ bóyá a lè gbẹ́kẹ̀ lé ìwé náà. Ó ní ohun tí ẹni náà yóò rí ni ẹnìkan tó ń sọ̀rọ̀ àti ẹnìkan tó ń ṣe àmín. "Bí ààwẹ̀ bá fi wọlé, tí ẹ kò tíì lè sọ fún ọmọ yìí pé kò rí bẹ́ẹ̀, n ó wá ẹlòmíràn sórí àga yín. Inú mi kò ní dùn sí i, Bàbá. Ṣùgbọ́n n ó ṣe é."

"Ẹ̀tọ́ yín ni," ni Bàbá wí. Ó to bíròò rẹ̀ padà sápò.

Mo dúró lẹ́yìn, mo bẹ ọ̀gá pé kí ó yọ èmi dípò rẹ̀. Mo ní mo ṣì kéré, n ó rí iṣẹ́ mìíràn, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dá Bàbá padà sórí àga iwájú ilé yẹn, yóò kú síbẹ̀. Ọ̀gá ní òun mọ̀. Ó ní bí mo bá lọ, Bàbá yóò wá ẹlòmíràn tẹrí ba fún, nítorí kì í ṣe èmi ló ń bẹ̀rù. "Kí ló wá ń bẹ̀rù?" ni mo bèèrè. Ó ní òun kò mọ̀, pé bóyá èmi tí mo jẹ́ ọmọ ilé náà ni kí n lọ wádìí rẹ̀.

Nínú bọ́ọ̀sì, mo yíjú sí i. Mo ní, "Bàbá, ẹ ṣàánú mi. Ẹ kàn sọ pé irọ́ ni mò ń pa. Mo ti gbà." Ó ń wo ìta. Ó ní, "Mo ti dá wọn lóhùn rí nínú ilé yín, ọmọ ààfáà mi. Ojú mi rí nǹkan." Bọ́ọ̀sì dé Post Office. Ó mú kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò gùn ún. Ó ń tì í lọ.

Lọ́jọ́ kejì, tí í ṣe Jímọ̀, lẹ́yìn tí wọ́n ti kírun tán, ó yọ sí agboolé wa pẹ̀lú páálí ṣúgà lábíyá. Ìyá mi ń ṣa ẹ̀wà lórí atẹ lójúde. Mo sá lọ gbé àga, ó kọ̀ ọ́. Orí ẹní ló jókòó sí, ó ká ẹsẹ̀ mọ́ra bí ọmọ kéwú.

"Ìyá wa," ló wí, "mo wá tọrọ àyè ni."

"Àyè kí ni?"

"Àyè láti bá ọmọ yín jiyàn."

Ìyá mi yíjú sí mi kíá. "Kí lo fi ṣe é?" Mo ní n kò ṣe nǹkan kan. Bàbá bẹ̀ ẹ́ pé kò sí ẹ̀ṣẹ̀ mi níbẹ̀, ó sì ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un, káàdì, Àlàmísì, nọ́ńbà kẹrin, ohun tí ọ̀gá sọ. Ó ní, "Wallahi, Ìyá wa, iṣẹ́ yẹn ló gbé mi dìde lẹ́yìn ikú ìyàwó mi. N kò fẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n bí mo bá fẹ́ sọ pé rárá fún un, bàbá rẹ̀ ni mo máa ń rí. Mo ti tún ọ̀rọ̀ sọ fún ọkọ yín rí, ẹ sì mọ ohun tó gbẹ̀yìn rẹ̀."

"N kò mọ̀ ọ́n," ni ìyá mi wí. "Kí ló gbẹ̀yìn rẹ̀?"

Ó wá sọ ọ́. Ó ní àárọ̀ ọjọ́ kan ni, ìrun àsùbáà. Bàbá mi ló ṣíwájú, ó ń ké súrà sókè, ó dé ibi tí àáyà méjì, ẹsẹ méjì nínú Kùránì, ti jọra, ó sì yà sínú súrà mìíràn láìmọ̀. Àwọn àgbà wà ní sààfù iwájú, ìlà tó tẹ̀lé lémọ́mù, gbogbo wọn dákẹ́. Òun tó wà lẹ́yìn pátápátá láàárín àwọn ọ̀dọ́, kò mọ ìgbà tí ẹnu òun là, ó ké àáyà tó tọ́ jáde. Bàbá mi dánu dúró, ó padà sẹ́yìn, ó mú un bó ṣe yẹ, ó sì parí ìrun. Nígbà tí wọ́n sálámà tán, kò sọ ohunkóhun fún un. Kò wojú rẹ̀. "Kí ọ̀sẹ̀ náà tó pé, ó ní kí n di ẹrù mi, kí n lọ sí ilé-ìwé àwọn òyìnbó. Èmi tí mo fẹ́ di ààfáà. Ó lé mi, Ìyá wa. Láti ọjọ́ náà, mo ti mọ̀ pé ẹnu mi gùn."

Ẹ̀rín ni ìyá mi fi dá a lóhùn. Ó rẹ́rìn-ín débi pé atẹ yẹ̀ lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ̀wà tú sílẹ̀. Nígbà tó gbé ojú sókè, mo rí i pé omi wà níbẹ̀.

"Ó lé ọ? Ìyàwó tuntun ni mí nínú ilé yìí láàárọ̀ ọjọ́ tí ò ń wí. Ó ti mọ́ṣáláṣí dé, mo gbé kókó fún un, kò fọwọ́ kàn án. Ó kàn ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, 'Mo ṣìnà, gbogbo àgbà ń wò mí níran, ọmọ oko yẹn nìkan ló dá mi padà. Etí tó gbọ́ ìyẹn, ẹnu tó lè sọ ọ́, ilé mi ti kéré fún un. Bí mo bá dá a dúró sọ́dọ̀ mi, mo ṣe é níkà.' Àgbò tó fẹ́ fi ṣọdún ló tà láti fi rán ọ lọ. Ọdún yẹn, ẹran adìyẹ la jẹ."

Bàbá ṣí fìlà rẹ̀, ó fi nu ojú. Ó wá bèèrè, "Kí ló dé tí wọn kò sọ fún mi?"

"A kì í yin ọmọdé lójú ara rẹ̀. O kò mọ ọkọ mi ni?" Ìyá mi fa atẹ mọ́ra. "Ẹni tó wà lẹ́yìn lémọ́mù kì í ṣe ọ̀tá lémọ́mù. Bí lémọ́mù bá ṣìnà tí àwọn tó wà lẹ́yìn dákẹ́, gbogbo wọn ló jọ ṣìnà. Lọ bá a jiyàn. Bó bá yà, dá a padà." Ó wá nawọ́ sí mi. "Ìwọ náà, má tètè gbà fún un o."

Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ẹ̀wà tó tú sílẹ̀. Mo bá a ṣa á. Inú ń bí mi sí bàbá mi tó ti kú, inú mi sì ń dùn sí i, àwọn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Àlàmísì tó kẹ́yìn kí ààwẹ̀ tó wọlé, ọ̀gá kó káàdì wá. Àkọ́kọ́, ti obìnrin kan ni, tó kọ ọ́ ní kíláàsì àwọn àgbà. Ó kọ ọ́ pé ọkọ òun wá iṣẹ́ lọ sí Jos, òun sì "followed him" nígbà tí òun já ọmọ lẹ́nu ọmú. Mo ti kọ nọ́ńbà kẹfà, tiwa, ti ẹni tó bá ẹlòmíràn lọ. Ọkọ di ẹnìkejì. Bàbá kọ nọ́ńbà kìn-ín-ní.

Ọ̀gá wò wá. Mo gbèjà tèmi. Mo sọ ọ́ dáadáa pẹ̀lú, mo ní ní ilẹ̀ wa, ìyàwó tó bá ọkọ lọ sí ìlú tó ti ń ṣiṣẹ́, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló lọ, kì í ṣe ẹ̀yìn. Mo ní Bàbá fúnra rẹ̀ ló kọ́ wa ní nọ́ńbà kẹfà yẹn. Mo rí i tí Bàbá di etí tábìlì mú.

"Rárá," ló wí. Ohùn rẹ̀ kéré. Ó tún un sọ. "Rárá, ọmọ ààfáà mi. Kò rí bẹ́ẹ̀."

Ọ̀gá mú bíròò.

Mo lè gbà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá mi ti kìlọ̀ fún mi, mo sì jẹ́ ẹni tí kò fẹ́ràn kí wọ́n bo òun mọ́lẹ̀. Mo gbé ohùn sókè. Bàbá gbé tirẹ̀ sókè. Ó ní kí n ka ọ̀rọ̀ ọmọ ọmú yẹn, pé mo fò ó. Mo ní n kò fò ó, kò kan ìtumọ̀ ni. Ó ní òun gan-an ni ìtumọ̀, pé obìnrin náà kò lè lọ títí ọmọ yóò fi kúrò lẹ́nu ọmú, pé ọkọ ti lọ tipẹ́. Mo ní ṣé nítorí pé ó pẹ́ ni kò fi jẹ́ ẹnìkejì rẹ̀ mọ́. Bàbá fi ọwọ́ lu tábìlì.

"Nígbà tí wọ́n gbé mi lọ kọ́ni ní ilé-ìwé kan lókèèrè," ló wí, "ìyàwó mi dúró kó kórè iṣu rẹ̀ kó tó wá bá mi. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni mo fi ń wo ọ̀nà. Mo mọ ibi tí ọ̀nà yẹn ti yà, mo mọ igi tó wà níbẹ̀. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ṣé n ó máa wo ọ̀nà nítorí rẹ̀? Ọkọ obìnrin yìí ń wo ọ̀nà. Iwájú ló wà. Obìnrin náà ń bọ̀ lẹ́yìn, lórí ọ̀nà tí ọkọ rẹ̀ ti gbà kọjá. Nọ́ńbà kìn-ín-ní ni!"

Mo wo káàdì náà, mo rí obìnrin náà pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, mo rí ọ̀nà. N kò rí i tẹ́lẹ̀. Mo ti mú ìtumọ̀ tó wù mí, mo fi sórí rẹ̀, bí mo ṣe fi ẹ̀wà joyè nígbà kan.

Ọ̀gá kọ ọ̀rọ̀ náà tán pátápátá kó tó gbé orí sókè. Ó dájọ́ fún Bàbá. Lẹ́yìn náà ló fa káàdì kejì jáde, tí a tún yàtọ̀ lórí rẹ̀, Bàbá sì tún sọ pé rárá kí n tó la ẹnu tán. A jà dé ọ̀sán. Mo jàre méjì níbẹ̀, mo sì fi yangàn. Ojú ọ̀gá ń dán. Nígbà tí a dìde, ó ní kí Bàbá má pẹ́ dé lọ́jọ́ Ajé, pé káàdì pọ̀, ó sì fi ọwọ́ ti àga rẹ̀ wọ abẹ́ tábìlì fún un.

Ní Post Office, Bàbá gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Mo gbọ́ tó ń lu aago rẹ̀ láìsí ẹni níwájú rẹ̀.

Mo délé, mo bá ìyá mi níbi tó ti ń ṣàlùwàlá. Mo ní, "Màmá, ó sọ pé rárá fún mi lónìí."

"Ó sọ ọ́ sókè?"

"Ó lu tábìlì."

"Ta ló jàre?"

Mo ní òun ni, mo ti yà kúrò lójú ọ̀nà, òun ló dá mi padà. Ìyá mi da omi tó kù sẹ́sẹ̀, ó ń wo apá ibi tí mọ́ṣáláṣí bàbá mi wà.

"Ẹ̀ẹ̀kejì rèé," ló wí, "tó máa dá ilé yìí padà."